Irun Tí Ìyá Àwẹ̀ró Dì Kẹ́yìn

Oṣù méjì lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú ṣùkú tí olóògbé dì fún un. Irun ti ta kókó. Ni àǹtí rẹ̀ bá fi tipátipá ki ìyàrun bọ̀ ọ́. Ọmọ figbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára," ni ìyá ìyá rẹ̀ wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bu àdí sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀rọ̀ rèé, ọkọ mi, ohun tó ń mú líle rọ̀. Jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tí ọmọ mi fọwọ́ kàn kẹ́yìn."

Àwẹ̀ró kò rò ó rí pé ìyá ìyá òun pẹ̀lú ń ṣọ̀fọ̀. Ó rá jáde, ó gbórí lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ máa tú u, Ìyá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹsẹ̀ irun kan kù fún yín láti máa fọwọ́ kàn."