Àparò àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Tó Ti Ìsinmi Dé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé. Àárín ebè ẹ̀pà ló bà sí, lọ́dọ̀ Àparò àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sún mọ́ èmi Ìyá Àgbà yín. Ẹni tó bá sùn, n kò ní tún un sọ fún un.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ló ń rán ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé tó wà lábẹ́ igi àràbà. Ariwo ni wọ́n fi ń kàwé níbẹ̀. Ìyá Àparò nìkan ni kò rán tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀kọ́ ìran òun kò gba ariwo.

Ilé ló ti ń kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà kò sì ju ẹyọ kan lọ. Bí òjìji Àṣá bá ti kọjá lórí ilẹ̀, kí oníkálukú lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó bá wà. Kó má mira, kó má ké, kó má wá ìyá rẹ̀. Ara àparò àti ilẹ̀ oko, àwọ̀ kan náà ni. Ẹni tí kò bá mira, Àṣá kò lè rí i.

Orin ló fi ń kọ́ wọn láràárọ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Òjìji ń bọ̀ lókè o,
Lẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́.
Má wẹ̀yìn, má wá ìyá,
Lẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́.
Ilẹ̀ yóò bò ọ́ mọ́ra,
Lẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán lálẹ́ yìí, ṣé bí ẹ ṣe ń gbè é nìyẹn?

Nígbà tí ọdún dé, ilé ìwé gba ìsinmi. Àwọn ọmọ Àparò náà ní àwọn fẹ́ sinmi. Àjàdí ni àkọ́bí, Àríkẹ́ ló tẹ̀ lé e, Àyọ̀ká ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn ní kí wọ́n lọ lo ọdún lọ́dọ̀ Adìẹ, ẹ̀gbọ́n òun, nínú agboolé Akínlàbí àgbẹ̀.

Wọ́n lọ, wọ́n jẹ àgbàdo yó. Bí Àṣá bá yọ níbẹ̀, Adìẹ á ké, á na apá, gbogbo ọmọ á sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Adìẹ le, Àṣá kì í fẹ́ bá a jà. Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ Àparò púpọ̀.

Ìsinmi parí, wọ́n dé ilé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá wọn jí wọn láàárọ̀, Àjàdí ní oorun ṣì ń kun òun. Àríkẹ́ ní ebi ń pa òun. Nígbà tó jẹun tán, ó ní òùngbẹ ló kù. Àyọ̀ká lẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó ní ilẹ̀ tutù sí òun níkùn. Wọ́n ní kí ló dé tí ìyá àwọn kò lè na apá bíi ti Ìyá Adìẹ.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí kò nà wọ́n?"

Ta ló sọ pé kò nà wọ́n? Ó nà wọ́n. Wọ́n sunkún tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó sú u. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ebè, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Àjàdí, olùkọ́ ilé ìwé a máa lu aago, a sì máa lọ sílé. Èmi ńkọ́? Ibi tí mo ti ń kọ́ wọn náà ni mo ti ń bọ́ wọn, ibẹ̀ náà ni mo ń sùn. Ta ni n ó fi ẹjọ́ wọn sùn? N kò lè ṣe é mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní kó fi wọ́n sílẹ̀ lónìí, pé ọ̀la náà ọjọ́ ni. Ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń sunkún. Ẹ má bú u o, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí òjìji fi kọjá lórí ebè. Ìyá lẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àjàdí àti Àríkẹ́ ń jẹ kòkòrò lábẹ́ ewé ẹ̀pà, wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Àyọ̀ká nìkan ló wà ní gbangba. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ Adìẹ ló ṣe: ó sáré wá bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, na apá rẹ."

Ìyá kò mira. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, lẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ mi, lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu, nítorí bó bá la ẹnu, Àṣá á mọ ibi tí gbogbo wọn wà.

"Ìyá mi, na apá rẹ."

Ó ku ìṣísẹ̀ méjì kí ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara ìyá kò gbà á mọ́, ó na apá. Kò sí ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Àṣá ti gbé Àyọ̀ká lọ.

"Ìyá Àgbà, ká ní ó ti tètè na apá ńkọ́?"

N kò mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa àlọ́ yìí, n kò tíì mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Àjàdí àti Àríkẹ́ jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ láìsí ẹni tó pè wọ́n, wọn kò mira títí di ọ̀sán. Ìyá wọn dúró tì wọ́n, kò lè kọrin.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ẹ̀kọ́ tó ń dá ẹ̀mí sí kì í gba ìsinmi, àti pé ohun tó gba ọmọ adìẹ là lè pa ọmọ àparò. Kí oníkálukú gbọ́ ti ilé rẹ̀.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi wúwo nígbà tí mo bá fẹ́ pe ọmọ mi lórúkọ lọ́la.