Ìdí Tí Lékeléke Fi Ń Bá Ẹfọ̀n Rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí lékeléke ṣì ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ bí adìẹ, orílẹ̀-èdè méjì ló wà lórí ọ̀dàn. Ti lékeléke wà níhà odò, ti ẹfọ̀n wà níhà òkè. Koríko kan náà ni wọ́n ń bá ara wọn dù. Ẹfọ̀n a tẹ ẹyin fọ́, lékeléke a sì yọ ojú ọmọ ẹfọ̀n.

Ẹfúnlékè ni àgbà tó ń ṣàkóso àwọn lékeléke. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ogun sì ti pa mẹ́ta. Ó wá sọ èyí tó kù ní Kúmápàyí. Bí ọmọ náà bá pẹ́ díẹ̀ létí odò, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ìyá rẹ̀.

Arógunyọ̀, ọba àwọn ẹfọ̀n, náà ti sin ọmọ títí, ogun ti sú u. Ó pe Òkété, ẹni tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó sì di àrokò fún un pé kó gbé e fún Ẹfúnlékè. Láyé ìgbà náà, nǹkan ni wọ́n fi ń bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbé e lọ kì í sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ mẹ́jọ ni Arógunyọ̀ sín sórí okùn. Ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé, "Ẹ jẹ́ kí a jọ máa gbé."

Òkété gbéra. Ogun ti ba oko jẹ́, ebi sì ń pa á gidi. Òórùn ẹ̀kùrọ́ kò jẹ́ kó rìn dáadáa.

"Ta ló máa ń ka ẹ̀kùrọ́?" ló sọ fún ara rẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run! Ó jẹ ẹ̀kẹta, ó sì fa okùn náà le dáadáa.

Ẹfúnlékè gba okùn, ó kà á, ó sì tún un kà.

"Òkété, ṣé bó ṣe fún ọ nìyí?"

"Bó ṣe fún mi náà ni mo ṣe gbé e wá, ìyá."

"Àrún! Ó ní òun máa rún wa."

Kúmápàyí ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n léèrè."

"Ìwọ? Ṣé o fẹ́ kí n sin ìwọ náà ni? Àwa la ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹfọ̀n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń retí èsì rere. Àwọn lékeléke já lé wọn lójú, Kúmápàyí náà sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rù ba àwọn ẹfọ̀n, wọ́n fò dìde, wọ́n ń sáré láìríran. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Kúmápàyí wà nínú ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n kan. Ìyẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi dá a mọ̀.

Kò sunkún. Ó gbé okùn náà lọ bá Arógunyọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀ kan.

"O ti ṣe ohun tí o ránṣẹ́ pé wàá ṣe," ló wí. "Wá rún èmi náà."

Arógunyọ̀ fi ojú kejì wo okùn náà pẹ́. "Mẹ́jọ ni mo fi ránṣẹ́, ìyá. Mo ní kí a jọ máa gbé ni."

Àwọn méjèèjì yíjú wo Òkété, tó ń yọjú wòran nítòsí. Ó ti ń walẹ̀. Ó wọnú ihò, kò sì jẹ́ kí oòrùn rí òun mọ́.

Arógunyọ̀ bú sẹ́kún. "Kí ni mo lè fi tù yín nínú?"

"Ẹ má fi nǹkan kan tù mí. Kí a má ṣáà rán ẹnikẹ́ni síra wa mọ́. Ibi tí ẹ bá ń lọ, ẹ̀gbẹ́ yín la ó máa rìn. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́nu yín, kí etí wa fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti ń bá ẹfọ̀n rìn, àti màlúù tó jẹ́ ìbátan ẹfọ̀n, tí wọn kì í sì í jà. Orí igi ló ń yé ẹyin sí báyìí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: bí ẹfọ̀n bá ti gbẹ́sẹ̀, lékeléke a sáré wo abẹ́ pátákò rẹ̀. Àwa a ní tata ló ń wá. Ọmọ ló ń wá.