Aṣọ Tó Gún Régé

Ọkùnrin kan ń bẹ tó jẹ́ olórí àwọn ahunṣọ ìlú rẹ̀. Ogún ọdún ló fi ń yẹ aṣọ òfì wò. Bó bá rí ibi tí òwú wọ́, ohun kan náà ni yóò wí: "Tú u. Lọ tún un hun."

Nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ ń ya wọ ọjà, oníṣòwò kan ta irinṣẹ́ pẹlẹbẹ kan fún un. Bí a bá gbé e lé aṣọ tí a fọwọ́ hun, iná àwọ̀ ewé yóò tàn. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹ̀rọ, iná pupa. Oníṣòwò náà ní, "Kì í ṣe àṣìṣe, Bàbá."

Olórí gbà á gbọ́. Ó pa orúkọ ahunṣọ méje tí iná pupa tàn lórí aṣọ wọn rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kò gbọdọ̀ hunṣọ níbẹ̀ mọ́.

Ẹni kẹjọ ni Fẹ̀hìntọlá, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olórí fúnra rẹ̀. Iná pupa tàn lórí aṣọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó jókòó sídìí òfì, ó hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lójú gbogbo wọn.

"Ẹ gbé e lé e, Bàbá."

Pupa.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn: "Háà! Àṣé ẹ̀rọ ni ọ́! Epo wo lò ń mu?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí irinṣẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì. "Kí ló tiẹ̀ ń wò gan-an?"

Fẹ̀hìntọlá ní, "Ẹ gbé e lé agbádá ọrùn yín."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni olórí fi hun agbádá náà, kí aṣọ ẹ̀rọ kankan tó dé ìlú. Ó gbé e lé e. Pupa bí ata. Ó mú aṣọ ẹ̀rọ kan, ó fa òwú mẹ́ta yọ létí rẹ̀, ó gbé e lé ìyẹn náà. Àwọ̀ ewé.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tú u," Fẹ̀hìntọlá sọ jẹ́jẹ́. "Títí tó fi gún bíi ti ẹ̀rọ."

Olórí ránṣẹ́ pe àwọn méje. Márùn-ún ti ta òfì wọn.

Ìwọ olùkọ́ tó ń gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lé irinṣẹ́ tó ní òun mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, tó ń fún un ní òdo láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kan: ta ló fi bírò pupa falà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní? Ta ló ní kó lọ tún un kọ? Ó ti wá gún báyìí. Kí o tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, lọ gbé ìwé tí ìwọ fúnra rẹ fi gboyè lé irinṣẹ́ náà. A ó dúró dè ọ́.