Ìdí Tí Idà Ilé Fi Ń Wọ Awọ Lọ Sógun

Nígbà láéláé, ní ilẹ̀ Jàpáànù, idà àtijọ́ kì í jáde nílé. Orí pẹpẹ ló ń gbé, nínú àkọ̀ igi dúdú tó ń dán bíi dígí. Ọmọ ilé ni. Bí àwọn ará ilé bá jí, wọ́n á kí i.

Nígbà tí ogun dé, àṣẹ jáde pé kí olúkúlùkù ọ̀gá ológun mú idà tirẹ̀ wá. Àwọn kan ra idà tuntun ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Fusáè, ìyá ilé náà, gbé idà ilé fún Tókújì, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ológun.

Ó ní, "Ti bàbá bàbá rẹ ni. Má jẹ́ kó sọnù."

Inú Idà dùn. Àkọ̀ ní tirẹ̀ ń ronú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àkọ̀ wí, "igi ni mí. Òjò ojú ogun kò mọ igi àtàtà. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan bora ká tó lọ."

"Ta ní í bi àkọ̀ léèrè kó tó jáde?" ni Idà dáhùn. "Tìrẹ ni kí o gbé mi."

Òjò pa wọ́n lọ́nà. Àkọ̀ mumi, ó wú, Idà sì há sínú rẹ̀ gbagidi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n yọ idà. Gbogbo idà jáde. Tókújì fà, fà, fà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í mú níbàdí, wọ́n jọ fà á títí àwọn méjèèjì fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Idà tuntun kan rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò tíì jí ni?"

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Bí kò bá jáde kí oòrùn tó wọ̀, kí alágbẹ̀dẹ fi rọ ìṣó."

Jìnnìjìnnì bo Idà. Ó ń ta síbí, ó ń ta sọ́hùn-ún, ó ń ha inú Àkọ̀.

"Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ni Àkọ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Omi ló kún inú mi. Mo fẹ́ gbẹ, mo sì fẹ́ aṣọ òjò."

"Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ohunkóhun tí o bá fẹ́."

Ẹṣin Tókújì, tí wọ́n so sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ń gbọ́. "Gàárì mi àtijọ́ ló wà nílẹ̀ yẹn," ló wí, "awọ rẹ̀ ṣì le. Màá sì mí sí Àkọ̀ lára títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kí Idà yé gbá mi níhà bí mo bá ń sáré. Kí wọ́n so ó kúkúrú."

"Mo gbà," ni Idà wí. "Mo gbà, mo tún gbà."

Ẹṣin mí èémí gbígbóná títí Àkọ̀ fi gbẹ. Tókújì tún fa Idà, ó jáde wẹ́rẹ́, ó ń kọ mànà. Ẹṣin fi imú ti gàárì àtijọ́ náà síwájú Tókújì. Ni Tókújì bá gé awọ gàárì, ó rán an yí Àkọ̀ ká, ó sì so ó kúkúrú mọ́ ìgbànú.

Láti ọjọ́ náà ni idà ilé tó bá ń lọ sógun ti ń wọ awọ lé àkọ̀ rẹ̀. Awọ ni wọ́n fi ń bo àkọ̀ idà ẹ̀rọ pẹ̀lú; bí àwọn ológun bá tò lọ, ojú kan náà ni idà ilé àti idà ẹ̀rọ ń fi han èèyàn, àfi bí wọ́n bá yọ wọ́n.