Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Gé Ọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n sí Méjì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra pàá, ó fò kọjá orí ààfin, ó fò kọjá orí ọjà, kò bà síbì kan àfi etí odò. Ó dá lórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó dá lórí Ẹfọ̀n, ó sì dá lórí àwọn tí wọ́n máa ń gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á ti dìde ìjà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ní ìgbà kan rí, odò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ní. Odò Àwẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò á fà, ẹrẹ̀ á sì dí ojú ìsun. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yan Olórí Odò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ. Kí ó kó gbogbo ìlú jọ lọ́dọọdún láti kó ẹrẹ̀, kí ìsun lè là. Lẹ́yìn náà, ẹja tó bá há sínú kòtò nígbà tí omi fà, kí ó pín in láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹnìkan má jẹ ju ẹnìkejì lọ.

Ẹfọ̀n ni Olórí Odò nígbà náà. Kò lẹ́wà. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, á pẹ́ kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí ẹja rẹ̀ kò kárí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo oyè yìí títí, kò rí ẹrẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹja ló rí. Àrọ̀ tó ki bí apá géńdé ń wá bá a lójú oorun. Ó ní lọ́dún yìí, òun ni yóò jókòó ti kòtò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ìlú náà fún yín kí a tó lọ jìnnà. Ayékòótọ́ ni akéde wọn, nítorí ó ní ìyẹ́, ó sì ní ẹnu. Bí ó bá ń jẹ́ iṣẹ́, láti orí ìkíni ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa bá a bọ̀ títí yóò fi dé ibi tí ó ti ní, "Ó tán lẹ́nu olóhùn." Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì. Wọn kì í tilẹ̀ sín. Bí ó bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ju ẹyìn ọ̀pẹ fún un, á jẹ, á sì lọ sí àdúgbò mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, Ẹfọ̀n dúró létí odò, ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú. Gbogbo ayé ti lọ sóko, àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju Ayékòótọ́, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Ìyá Ìgbín tó wá bomi lọ. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní ń gba ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́? Ariwo ni wọ́n fi ń jí, ariwo ni wọ́n fi ń sùn. Ẹfọ̀n wúkọ́, ó ní:

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Odò ń fà. Bí a kò bá kó ẹrẹ̀ yìí kí oṣù tuntun tó lé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò ní rí omi mu, èmi kò sì lè fojú mi rí ìyẹn kí n dákẹ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù gbé ọkọ́ wá. Kí aboyún àti arúgbó jókòó sílé, èmi ni n ó kó ẹrẹ̀ tiwọn mọ́ tèmi. Ó tán lẹ́nu mi."

Ìyá Ìgbín gbọ́ ọ, ó mi orí, ó gbé ilé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó forí lé ọ̀nà Òkè-Àpáta níbi tó ń gbé. Ayékòótọ́ náà fẹ́ fò. Ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ní kí àbúrò òun yà nílé, kí ó wá panu. Nígbà tí Ayékòótọ́ dé ibẹ̀, odindi ìdì ẹyìn kan ló bá, ó pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kí ó máa jẹ. Ó ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun, pé ẹrù ọ̀rọ̀ tí Ẹfọ̀n dì fún un ti pọ̀ jù, kí ó mú kókó ibẹ̀ nìkan.

Ayékòótọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irọ́ lẹ fẹ́ kí n pa ni?"

"Irọ́ kẹ̀? Ta ló ní kí o purọ́? Ṣé Ẹfọ̀n kò sọ pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò ní rí omi mu ni?"

"Ó sọ ọ́."

"Ṣé ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde?"

"Ẹnu rẹ̀ náà ni."

"Kí ló wá kù?"

"Ó ku ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní iwájú yẹn wúwo, ẹ̀yìn yẹn gùn, oòrùn sì mú. Ó ti ẹyìn sí i.

Ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tó ń jẹun rẹ lọ́wọ́, tí ó ń wo ojú rẹ kí ó tó gbé e mì, ẹni yẹn ti di tìrẹ. Ayékòótọ́ jẹ ẹyìn yó, ó fò lọ sí Òkè-Àpáta, ó bà sórí igi ìsin tó wà lójúde Ẹtu. Ọmọ mẹ́ta ni Ẹtu ní, èyí àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ayékòótọ́ kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹfọ̀n ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò ní rí omi mu."

Ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹtu gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbé ohùn sókè. Kò sí ẹnìkan, mo ní kò sí ẹyọ ẹnìkan, tó bèèrè bóyá ó tán lẹ́nu olóhùn. Ẹyìn tí wọ́n jù lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé Ayékòótọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí igi. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ó dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, ó mú ibòmíràn jáde. Ó ní Ẹfọ̀n ní kí aboyún àti arúgbó jókòó sílé. Ìyá Ìnàkí tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ ní kí wọ́n gbé ọ̀pá òun wá. Ó ní òun ti ń mu omi odò náà kí ìwo tó hù lórí baba Ẹfọ̀n, kí Ẹfọ̀n wá lé òun bí òun bá dúró.

Ìlú rọ́ lọ bá Ẹfọ̀n. Ẹtu ló ṣíwájú. Ó ní òun kò wá gbọ́ àròyé, ìbéèrè kan ni òun ní: ṣé ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́?

Ẹfọ̀n ní, "Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n..."

Wọn kò jẹ́ kí "ṣùgbọ́n" náà rí ọ̀nà jáde. Ariwo bo ó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, Ẹfọ̀n tún gbìyànjú, ó ní òun kò sọ pé òun kórìíra ọmọ ẹnikẹ́ni. Ayékòótọ́ wà lórí ẹ̀ka lókè. Ó yára ké sí àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn kò gbọ́ dáadáa, ó ní, "Ẹfọ̀n ní òun kórìíra ọmọ." Ẹyìn rọ̀ bí òjò.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú bí ẹni tó ń sunkún. Ó ní kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, Ẹfọ̀n ti dàgbà, ọpọlọ àgbà a máa rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ni Olórí Odò, omi yóò kún láìsí pé ẹnikẹ́ni kó ẹrẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ẹrẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fún ẹni tó ń ṣẹ́jú.

Bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe jókòó ti kòtò nìyẹn. Láàárọ̀, àrọ̀. Lọ́sàn-án, àrọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akàn ni yóò fi panu kí ó tó sùn. Ẹni tó bá bèèrè ìpín tirẹ̀, á ní wọ́n ṣì ń ka ẹja náà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbé ọkọ́. Ọjọ́ ọjà kọjá, oṣù tuntun lé, ẹrẹ̀ dí ojú ìsun pátápátá. Omi tó kù kò ju ohun tí ọwọ́ lè bù lọ, ó sì dúdú bí aró. Àbíkẹ́yìn Ẹtu mu nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò lè dá ọrùn dúró mọ́. Ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Àwọn ará Òkè-Àpáta péjọ sójúde Ẹtu, wọ́n ń wo ọmọ, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ orin lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi gbè é.

Ẹ dúró dè mí, ará ilé,
*Jẹ́jẹ́ ni mo ń bọ̀.*
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti fò dé ilé,
*Jẹ́jẹ́ ni mo ń bọ̀.*
Ààbọ̀ tó kù ń bẹ lẹ́nu mi,
*Jẹ́jẹ́ ni mo ń bọ̀.*

Ìyá Ìgbín ni. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tó ti ń rìn láti etí odò. Ó ní òun rí ìlú bí ó ṣe dákẹ́, ṣé wọ́n ti kó ẹrẹ̀ tán ni? Ẹtu bi í pé ẹrẹ̀ wo. Ni ìyá bá sọ ọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n láti orí ìkíni. Ó sọ ti ẹrẹ̀. Ó sọ ti ọkọ́. Ó sọ ti aboyún àti arúgbó tí Ẹfọ̀n fẹ́ bá ṣe ìpín tiwọn. Ó wá fi í dé e pé, "Ó tán lẹ́nu olóhùn."

Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Wọ́n wo òkè, wọ́n bi Ayékòótọ́ tó wà lórí igi ìsin pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ayékòótọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó ní ṣùgbọ́n bí òun bá kí wọn, wọn kì í ju ẹyìn. Bí òun bá sọ ti ọkọ́, wọn kì í ju ẹyìn. Ibi tí wọ́n ti ń jù ú ni òun ń sọ. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó fò lọ.

Ẹtu kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sáré lọ wá Ẹfọ̀n, ìlú tẹ̀lé e. Wọ́n bá a lójú ìsun. Òun nìkan ni, ó ti rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ lóyè ló ti ń kó o, òun nìkan, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹtu kúnlẹ̀. Ó ní, "Baba, mo ṣẹ̀ yín." Ẹfọ̀n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí ó dìde, kí ó gbé ọkọ́, ìyẹn ló yá.

Bí wọ́n ṣe gbé ọkọ́ sókè ni Ayékòótọ́ tún dé láti ìsàlẹ̀ odò. Ó ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rán òun níṣẹ́. Ó ní, "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní òun jẹ ẹja yín."

Inú bí ìlú. Ìyá Ìnàkí ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ sì ni ìyá ń pa. Ọ̀pọ̀ ti yí ọkọ́ padà, wọ́n fẹ́ lọ fi fọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lórí. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n dúró. Ó bi Ayékòótọ́ pé ṣé ó tán lẹ́nu olóhùn. Ayékòótọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀. Ẹfọ̀n ní ó dáa, kí àwọn lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún òun, òun kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú kòtò. Ó ti lé ẹja wọ inú ẹrẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ti wúwo, kò lè jáde mọ́. Ẹrẹ̀ ti mú un dé igbá àyà. Ẹfọ̀n ní kí gbogbo ìlú pa ẹnu mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sín. Ó ní kí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní Ẹfọ̀n ni baba, ayé ti ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Ó ní:

"Ohun tí mo sọ ni pé, bí mo bá tilẹ̀ jẹ ẹja yín, ẹ̀mí ju ẹja lọ. Kí ẹ jọ̀wọ́ fà mí jáde. Bí ẹ bá sì ń fà mí, kí ẹ rọra, àrọ̀ mẹ́rin ṣì kù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tèmi ni. Ó tán lẹ́nu mi."

Ìyá Ìnàkí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ló bá di ẹ̀rín gbogbo ìlú. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tún burú ju ààbọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ yọ àrọ̀ mẹ́rin kúrò, kí wọ́n tó wá fi ìrù fà á jáde. Wọ́n ní kí ó máa gbẹ́ ẹrẹ̀, ó gbẹ́ ẹ di ìrọ̀lẹ́, ó sì gba ibẹ̀ gbẹ́ ihò sá lọ. Títí di òní, inú ihò ló ń gbé, kì í jẹ́ kí a rí òun lọ́sàn-án.

Wọ́n kó ẹrẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ìsun là, omi tutù tú jáde. Àbíkẹ́yìn Ẹtu ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún. Ó mu ún, ó pọ̀ ọ́, ó tún mu ún, ó gbé e mì. Ó gbé ọrùn sókè, ó ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jalè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹyọ kan kún un. Ẹni tó gbé e kiri bá a jalè. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé tí ó ń ju ẹyìn, òun ló ń bọ́ olè méjèèjì. Kí a tó bínú sí olórí, kí a bèèrè ohun tó sọ tẹ̀lé e. Bí a bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tí ó sì burú síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wá bínú dáadáa.

Bí mo bá purọ́ mọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí ó jáde lọ́sàn-án ọ̀la wá bá mi wí. Ẹ ká ẹní, ẹ lọ sùn.