Omi Tí Ọ̀jẹ̀wùmí Pọn

Ọrùn-tó-rẹrù-ló-mọ-ìwúwo, awo Ìdí-Ahùn, ló dífá fún Ọ̀jẹ̀wùmí, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹjọ́ kan kò jẹ́ kó sùn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Ìdí-Ahùn, géńdé lọ́kùnrin lóbìnrin ló ń kọ́ ìmọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ló ń pọnmi. Òfin wọn sì le. Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Láoyè, ọ̀rẹ́ Ọ̀jẹ̀wùmí, dá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró lọ́nà odò. Ìkòkò omi kíkún wà lórí Àwẹ̀ró. Láoyè fọwọ́ bà á lára bó ti wù ú, láìgbàṣẹ. Àwẹ̀ró fẹjọ́ sun Ọ̀jẹ̀wùmí, nítorí olórí ló ń dá ẹjọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ó di ìkòkò mú ṣinṣin. Kò gbá a létí, kò sá. Ó wù ú ni."

Àwọn obìnrin kan tilẹ̀ ń bi í pé kí ló ń wá lódò ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé àwọn kì í mu omi alẹ́. Wọ́n fẹ́ kí Ọ̀jẹ̀wùmí lé e lọ bí òpùrọ́.

Awo ní kí Ọ̀jẹ̀wùmí rúbọ. Ẹyẹlé méjì, àti omi tí òun fúnra rẹ̀ pọn, kó sì fi orí rù ú wálé. Ó kó ẹyẹlé sílẹ̀ kíá. Omi ni kò fẹ́ gbọ́.

"Èmi ọkùnrin, kí n rumi lójú ẹgbẹ́ mi?"

Awo ní ẹbọ àbọ̀ kì í dé ọ̀run. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀jẹ̀wùmí gbé ìkòkò.

Ó pọnmi, ó rù ú, ó kó sójú ọ̀nà odò tóóró tí Láoyè ti dá Àwẹ̀ró dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Eṣinṣin bà á lójú, kò lè lé e. Ó mi orí díẹ̀, ìkòkò fẹ́ yẹ̀, ó sì yára dì í mú ṣinṣin. Ìtìjú mú un gan-an. Eṣinṣin lásán nìyí, Láoyè wá ńkọ́?

Ó délé, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rúbọ náà pé. Ó pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, má bínú. Àwa la fi òfin dì ọ́ lọ́wọ́, tá a tún ń bi ọ́ pé èé ṣe tí o kò jà."

Ó lé Láoyè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fagi lé òfin ìkòkò. Tọkùnrin tobìnrin wá ń pọnmi. Ilé ẹ̀kọ́ náà tòrò, àwọn òbí ń fi ọmọbìnrin ránṣẹ́ síbẹ̀ láìfòyà. Àwẹ̀ró kẹ́kọ̀ọ́ yanjú, òun ló sì joyè olórí lẹ́yìn Ọ̀jẹ̀wùmí.

Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn, tó rúbọ tán pátápátá, ire kì í fò ó dá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi, ẹ má wo ẹnu tó dákẹ́ kẹ́ ẹ ní ó ti gbà. Ẹni tí kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì gbà.