Bí Àgùàlà Ṣe Di Ẹni Tó Ń Yí Oòrùn Ká

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé etí ṣí sílẹ̀?

Ó ṣí gbayawu!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dá lórí Oòrùn, ó dá lórí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó sì dá lórí Àwòdì tí wọ́n rán ní iṣẹ́ tí kò yé e.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, Oòrùn bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí ń jẹ́ Arọra, nítorí pé kò fẹ́ wàhálà. Èkejì ń jẹ́ Asárémáwẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ni Àgùàlà, ọmọbìnrin tó ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Oòrùn tóbi. Ó wúwo. Iná ni gbogbo ara rẹ̀. Ohun kan sì wà lára rẹ̀ tí òun pàápàá ò mọ orúkọ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀, ńṣe ló máa ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Eruku ń bọ̀. Òkúta ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n jóná nìyẹn.

Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ máa ṣeré lọ́hùn-ún. Ẹ má sún mọ́ mi."

"Kí ló dé, Yèyé?"

"N ò mọ̀. Ẹ ṣáà má sún mọ́ mi."

Ní ọjọ́ kan, ó rẹ Arọra. Ó dúró sójú kan kó lè sinmi. Kò gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ò rìn. Ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń tì í.

"Yèyé, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fà mí ni?"

"Wo ọwọ́ mi lórí itan mi, ọmọ mi. N ò fà ọ́."

"Mo mà ń bọ̀, Yèyé."

"Padà. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, padà."

Kò lè padà. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó já sínú iná. Oòrùn ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún ọmọ tó kú sí i lára.

Asárémáwẹ̀yìn ní, "Okùn ni. Okùn kan ń bẹ tí a ò rí."

Wọ́n pe Àwòdì, nítorí ojú rẹ̀ mú. Nígbà yẹn, ẹyẹ ṣì ń fò dé ojúde Oòrùn. Àwòdì wá okùn lókè, kò rí i. Ó wá a nísàlẹ̀, kò rí i. Ó na ìyẹ́ kọjá láàárín ìyá àti ọmọ, kò kan nǹkan kan.

"Kò sí okùn," ni Àwòdì wí.

Asárémáwẹ̀yìn bi í pé, "Kí ló wá ń fà wá?"

"Ìyẹn ò yé mi. Èmi náà, bí mo bá ká ìyẹ́ mi jọ, ilẹ̀ á fà mí. N ò sì rí okùn ilẹ̀ rí."

Asárémáwẹ̀yìn ní, "Bí kò bá sí okùn, a jẹ́ pé kò sóhun tó so mí mọ́ ibí." Ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó fi eré sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹra mọ́ ọn. Ó sáré títí ooru ò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àgùàlà pè é, pè é, kò dáhùn. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀.

Ó wá ku Àgùàlà nìkan. Orí rẹ̀ dàrú. Bí òun bá dúró, òun á jóná. Bí òun bá sá, òun á sọnù, ìyá òun á sì di ẹni tó bímọ tí kò rọ́mọ pè.

Ó gbéra, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ooru gbá a lójú, ó padà. Ó gbéra, ó kọrí síta. Ó gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀, ó padà. Nígbà tó gbéra lẹ́ẹ̀kẹta, omijé ti bò ó lójú, kò mọ ibi tó kọjú sí. Ó ṣáà ń sáré. Kò lọ bá ìyá, kò sá fún ìyá. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà kọjá, ó ń kọrin:

Ta ló ń fà mí o?
Afàmámọ̀dí.
N ò rókùn lọ́wọ́ Yèyé,
Afàmámọ̀dí.
Mo ṣubú ṣubú, n ò balẹ̀,
Afàmámọ̀dí.

Lóòótọ́ ló ń ṣubú. Ohun tó ń fà á ò sinmi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń já bọ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e kọjá. Ó já, ó kọjá. Ó já, ó kọjá. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ nù, ìyá rẹ̀ ló tún rí.

"Yèyé, ibo ni mo wà?"

"Ibi tó o ti gbéra ni."

"Ṣé mo yà lọ́nà ni? Iwájú gan-an ni mo kọjú sí."

"N ò rí i kó o yà. Mò ń wò ọ́."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí padà?"

"N ò pè ọ́."

Àgùàlà mi orí. "Kò yé mi, Yèyé."

"Kò yé èmi náà. Ṣùgbọ́n o ò jóná, o ò sì sọnù. Má dúró, ọmọ mi. Má sì yára jù báyìí lọ."

Àgùàlà gbọ́. Kò dúró. Oòrùn tún bímọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ́ eré náà lára ẹ̀gbọ́n wọn. Èyí tó wà nítòsí ìyá ń sáré kíkan, nítorí ibẹ̀ ni fífà náà ti le. Èyí tó jìnnà ń rọra lọ. Ayé tí a jókòó lé yìí wà lára wọn.

Ìdí nìyí tí Àgùàlà kì í fi í jìnnà sí Oòrùn. Ní ìgbà kan, ẹ óò rí i lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà mìíràn, ẹ óò rí i níwájú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí Ayé fi ń yí Oòrùn ká, tí ọdún ń lọ tí ọdún ń bọ̀, tí kò já sínú iná, tí kò sì bọ́ sínú òkùnkùn.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé rèé. Ẹni tó bá rí okùn náà, kó fi hàn mí.